Eré ní O2 lálẹ́ ọjọ́ Àìkú: báwo la ṣe máa padà sí Abbey Wood tèmi ti ìyá mi?

Àbẹ̀kẹ́_MCR

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún eré kan ní O2, gbọ̀ngàn eré ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, tèmi àti ti ìyá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Olórin tí màmá ti ń gbọ́ láti ìgbà ọmọge wọn ló ń bọ̀, wọn ò sì tíì fojú kàn án rí. Mo fẹ́ kí ọjọ́ náà dùn mọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Manchester là ń gbé. A máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Euston lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, eré máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, a ó sùn sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Abbey Wood, a ó sì padà sí Manchester lọ́jọ́ Ajé. Mi ò ní mọ́tò, mi ò sì fẹ́ da owó sí takisí. Orúnkún ń dun màmá. Wọn ò lè gun àtẹ̀gùn gígùn mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè rìn díẹ̀díẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé ká wọ túùbù, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, láti Euston lọ sí North Greenwich, ibùdó tó wà nítòsí O2. Ní ti àbọ̀, ẹnì kan sọ fún mi pé túùbù Jubilee máa ń rìn mọ́jú, pé kò sí ohun tá a ń sáré fún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ỌmọThamesmead

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ yẹn kò purọ́, àmọ́ kò béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ yín. Night Tube, ìyẹn túùbù tó ń rìn mọ́jú, kò kọjá òru ọjọ́ Ẹtì àti òru ọjọ́ Àbámẹ́ta. August 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìlà márùn-ún péré ló sì wà lórí rẹ̀: Central, Jubilee, Northern, Piccadilly àti Victoria. Ọjọ́ Àìkú ni eré tiyín bọ́ sí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, túùbù máa ń ṣíwọ́, ó tilẹ̀ máa ń tètè ṣíwọ́ ju ti àárín ọ̀sẹ̀ lọ.

Bí èèyàn ṣe máa débẹ̀ ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ wá. Àlọ ò le. Ọ̀sán ni, ọkọ̀ pọ̀, ẹni téèyàn lè bi léèrè ọ̀nà sì wà níbi gbogbo. Àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, kí ẹ wá máa bá a bọ̀ sẹ́yìn títí dé aago tẹ́ ẹ máa kúrò ní Manchester.

Ọ̀nà tó yá jù lọ sí Abbey Wood nìyí. Ní North Greenwich, ẹ wọ Jubilee tó ń lọ sí apá Stanmore. Ibùdó kan ṣoṣo lẹ máa lọ, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Canary Wharf. Ẹ jáde níbẹ̀, ẹ rìn lọ sí ibùdó Elizabeth line, ìlà ọkọ̀ ojú irin mìíràn, tí kò jìnnà. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń lọ sápá ìlà oòrùn láti ibẹ̀, Abbey Wood ló ń lọ: Custom House, Woolwich, Abbey Wood, ó parí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ lọ wọ Elizabeth line ní Stratford o. Ìlà yẹn pín sí méjì lẹ́yìn Whitechapel. Ẹ̀ka tó gba Stratford kọjá, Shenfield ló ń lọ, kò ní gbé yín dé ọ̀dọ̀ àǹtí.

Lífìtì wà ní North Greenwich, ó wà ní ibùdó méjèèjì ní Canary Wharf, ó wà ní Abbey Wood. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí Elizabeth line ní May 2022 ni ara ti tu àwa tá à ń gbé apá ìhín. Àmọ́ kì í rìn mọ́jú, ì báà jẹ́ ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta, nítorí náà ẹ wo aago ọkọ̀ ìkẹyìn ti ọjọ́ yẹn gan-an.

Bọ̀dá_Awakọ̀

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Odò Thames ló yí O2 ká lápá mẹ́ta. Gbọ̀ngàn náà ń gba nǹkan bí 20,000 èèyàn, ibùdó túùbù kan ṣoṣo ló sì wà nítòsí. Ní pápá ìṣeré Wembley, tí èrò bá pọ̀ jù ní ẹnu ọ̀nà kan, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdó mìíràn. Níbí, kò sí ibùdó túùbù kejì tí ẹni tí orúnkún ń dùn lè rìn dé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èrò fi máa ń ya lu ẹnu ọ̀nà kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ṣùgbọ́n ibùdó bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ara ibùdó túùbù ló wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìwò ó. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bọ́ọ̀sì 472 gbéra láti ibẹ̀, ó gba Charlton, Woolwich, Plumstead àti Thamesmead lọ sí Abbey Wood. Ẹ jókòó lẹ́ẹ̀kan, ẹ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí àtẹ̀gùn, kò sí pé à ń pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ kó rẹ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí màmá tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà, iṣẹ́ wa sì ni. Àga iwájú wà fún àgbàlagbà, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ máa dìde tẹ́ ẹ bá ní kó ṣàánú màmá.

Mi ò ní tàn yín, ó pẹ́ ju ọkọ̀ ojú irin lọ, ọ̀nà sì lè dí nígbà tí mọ́tò bá ń jáde ní O2. Ṣùgbọ́n kò ní sí aago kan tó ń lé yín kiri bí ti ọkọ̀ ojú irin ìkẹyìn.

Fún àwọn tó máa ka èyí tí kì í ṣe Abbey Wood ni wọ́n ń lọ: 108 ń lọ Lewisham lápá kan, ó ń gba inú Blackwall Tunnel lọ sí Stratford lápá kejì, tọ̀sán tòru ló ń rìn. 188 náà ń rìn tọ̀sán tòru, ó ń lọ sí Elephant & Castle àti Waterloo. 161 ń gba Woolwich kọjá.

Rẹ́mi_N17

Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ dára. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ dìde nígbà tó bá ku orin méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá jáde ṣáájú ìró ìkẹyìn máa bá ibùdó tó ṣófo. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí iná bá tàn máa tò sórí ìlà. Lọ́jọ́ Àìkú tí túùbù ń tètè ṣíwọ́, pẹ̀lú àgbàlagbà tí kò lè dúró pẹ́, mi ò rí ọgbọ́n mìíràn.

ÌyáÌbejì_SE15

Rẹ́mi, mi ò fara mọ́ ọn o. Obìnrin yìí ti ń gbọ́ olórin yẹn láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e láti Manchester wá. Orin ìparí, èyí tí gbogbo gbọ̀ngàn máa ń gbè, ṣé òun ló yẹ ká fà á dìde kúrò nídìí rẹ̀ nítorí ìlà túùbù? Ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ orin rẹ̀ tán.

Ọ̀nà wà tí kò ní ná a ní orin náà. Ẹ má dìde nígbà tí iná bá tàn. Ẹ jókòó sórí àga yín títí àwọn òṣìṣẹ́ á fi ní kí ẹ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá jáde nínú gbọ̀ngàn, abẹ́ orùlé ńlá O2 ṣì ni ẹ wà, ibi ìjẹun àti ibi ìjókòó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá mu omi, kó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìsí ìkánjú. Èrò tó pọ̀ jù á ti lọ kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Rẹ́mi_N17

Màmá Ìbejì, mo gbọ́ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún ohun tẹ́ ẹ sọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dúró bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, Elizabeth line lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Canary Wharf. Níbẹ̀ ni ìyà wà. Ibi tí kò yé wọn, lóru, pẹ̀lú màmá.

Bọ̀dá_Awakọ̀

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ibi tẹ́ ẹ ti yà ni ọkọ̀ tí kálukú yín ní lọ́kàn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fẹ́, ọ̀rọ̀ Rẹ́mi ló tọ́, kí wọ́n jáde kí èrò tó jáde. Tó bá jẹ́ 472, kí wọ́n ṣe ohun tí Ìyá Ìbejì sọ, torí pípẹ́ díẹ̀ kò pa wọ́n lára. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n dúró pẹ́ tán kí wọ́n tún máa sáré lé ọkọ̀ ìkẹyìn. Kí wọ́n yan ọ̀kan nílé kí wọ́n tó jáde, kí àwọn méjèèjì sì mọ èyí tí wọ́n yàn.

Àbẹ̀kẹ́_MCR

Ẹ ṣeun gan-an. Ọkàn mi ti fà sí 472. Mi ò fẹ́ rí màmá tí wọ́n ń fi ìkánjú wá lífìtì láàárín èrò.

Ìbéèrè méjì. Báwo ni màmá ṣe máa sanwó ọkọ̀? Káàdì báńkì Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ní lọ́wọ́. Ìkejì, àlọ láti Euston: ṣé lífìtì wà níbẹ̀?

Àdìó_E13

Ní ti owó ọkọ̀, ṣé àǹtí yín ní Abbey Wood ti dàgbà tó láti ní Freedom Pass, káàdì tí àwọn àgbàlagbà Lọ́ńdọ̀nù fi ń wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Tó bá ní, kó fún màmá lò fún ọjọ́ kan yẹn. Àgbàlagbà làwọn méjèèjì, ta ló máa mọ̀?

ÌyáÌbejì_SE15

Rárá o. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, má ṣe é. Káàdì yẹn ní àwòrán ẹni tó ni ín lára, ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì pé ló wà fún. Tí ẹlòmíràn bá lò ó, wọ́n á gba káàdì náà lọ́wọ́ àǹtí, wọ́n sì lè gbé ẹni tó lò ó lọ sí kóòtù. Màmá wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò. Kí ni wọ́n á máa wá ẹjọ́ fún nílẹ̀ onílẹ̀?

ỌmọThamesmead

Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Owó ìtanràn ẹni tí wọ́n bá bá nínú túùbù tàbí bọ́ọ̀sì láìní tíkẹ́ẹ̀tì tó tọ́ ti di £100 láti March 2024, £50 téèyàn bá san án láàárín ọjọ́ 21. Ti káàdì ẹlòmíràn tún le ju ìyẹn lọ.

Ẹ ra Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, fún màmá. Ẹ lè rà á nídìí ẹ̀rọ ní ibùdó, ẹ fi owó sí i. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ò lè wọlé pẹ̀lú káàdì kan. Káàdì Nàìjíríà tó ní àmì contactless, èyí téèyàn kàn ń fi kan ẹ̀rọ, lè ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ Visa tàbí Mastercard tí báńkì ti ṣí sílẹ̀ fún òkè òkun, ṣùgbọ́n báńkì lè gé owó kún un, ó sì lè kọ̀ lẹ́nu géètì. Oyster ló fọkàn balẹ̀ jù.

Ẹ ṣàlàyé fún màmá pé tí a bá wọ túùbù, a máa fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tá a bá ń wọlé, a ó tún fi kàn án nígbà tá a bá ń jáde. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti kàn án nígbà àbájáde, owó tó ga jù ni wọ́n máa yọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ìwọlé nìkan ni. Bọ́ọ̀sì kì í gba owó lọ́wọ́, láti July 2014 ni wọ́n ti dá a dúró.

Àbẹ̀kẹ́_MCR

Àdìó, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́, àmọ́ mi ò ní fi màmá sínú irú rẹ̀. Oyster la máa rà.

Àdìó_E13

Mo gbà. Mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ físà. Ẹ jẹ́ n fi èyí sí i: lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ọjọ́ ni owó túùbù fi ń wà ní ìdíwọ̀n tó rẹlẹ̀, kò sí wákàtí ọ̀wọ́n. Owó ojúmọ́ náà ní òpin, tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀rọ ò ní yọ owó mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Bọ́ọ̀sì £1.75 ló jẹ́ ní 2025, òru tàbí ọ̀sán. Ẹ sì lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan sí ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kan ẹ̀rọ láìsan owó kejì.

Àmọ́ káàdì kan náà ni kí ẹ lò látòwúrọ̀ dé alẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi fóònù wọlé tẹ́ ẹ fi káàdì jáde, ẹni méjì ni ẹ̀rọ kà yín sí, bó tiẹ̀ jẹ́ àkáǹtì kan náà ni owó ti ń jáde.

Kẹ́kẹ́Ológeere

Ẹ jẹ́ n dáhùn ti Euston, torí kẹ̀kẹ́ arọ ni mo fi ń rìn, mo sì mọ ibi tí lífìtì wà àti ibi tí kò sí ní ìlú yìí.

Kò sí lífìtì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní túùbù Euston. Àtẹ̀gùn onímọ́tò ló wà. Bí màmá bá lè dúró lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe, àmọ́ tí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn nìyẹn. Ohun tí èmi máa ṣe ni kí n jáde síwájú Euston, kí n wọ bọ́ọ̀sì 73 tàbí 205 lọ sí King's Cross, kò jìnnà rárá. Ní King's Cross, lífìtì wà láti ojú pópó dé ẹnu ọkọ̀. Ẹ wọ Victoria lọ sí Green Park, lífìtì wà níbẹ̀ náà. Ẹ wá wọ Jubilee tó ń lọ sápá Stratford, ó di North Greenwich. Ọ̀nà tí ẹ máa rìn nísàlẹ̀ Green Park láti ìlà kan sí ìkejì gùn díẹ̀, ẹ má kánjú.

Gbogbo ibùdó Jubilee láti Westminster títí dé Stratford ló ní lífìtì. Ìgbà tí wọ́n fa ìlà náà gùn ní 1999 ni wọ́n ti fi sí i. Ilẹ̀kùn gíláàsì tún wà létí ibi ìdúró ní àwọn ibùdó abẹ́ ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, North Greenwich wà lára wọn, nítorí náà bí èrò tilẹ̀ ń tì yín, ẹ ò lè já sójú irin. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀rù túùbù ń bà.

Mo ní ìbéèrè kan fún yín o, Àbẹ̀kẹ́. Àga wo lẹ rà nínú gbọ̀ngàn?

Àbẹ̀kẹ́_MCR

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò mọ ti King's Cross yẹn rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì wa wà ní Level 4, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Òun ni owó mi ká.

Kẹ́kẹ́Ológeere

Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Level 4 ga, ó dàgẹ̀ẹ̀rẹ̀ gan-an, àtẹ̀gùn ló sì gba àárín àga lọ. Gbogbo ọ̀nà tí a ti là láti òkè yìí kò ní wúlò tí màmá bá dé inú gbọ̀ngàn tí kò lè dé ìdí àga rẹ̀.

Ẹ pe ibi tẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́la. Ẹ má dúró di ọjọ́ eré. Ẹ ṣàlàyé pé àgbàlagbà ni, pé kò lè gun àtẹ̀gùn, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè pààrọ̀ àga sí ibi tí a lè dé láìgun àtẹ̀gùn. Gbọ̀ngàn ńlá ní ẹ̀ka tó ń rí sí irú èyí. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa kì í béèrè, wọ́n rò pé ojú rere ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé e.

Àkẹ́kọ̀ọ́_Tuntun

Ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ni, ìwé ni mò ń kà níbí. Ṣé bí O2 ṣe rí ni gbogbo ibi eré yòókù ṣe rí? Mo ń fojú sọ́nà fún eré tí wọ́n bá gbé lọ sí pápá ìṣeré ńlá bí èyí tí Burna Boy ṣe ní London Stadium ní June 2023, tàbí ti Wizkid ní Tottenham ní July ọdún kan náà.

Rẹ́mi_N17

Àdúgbò mi lo bọ́ sí yìí. Pápá Tottenham Hotspur ń gba 62,850 tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù. Ibùdó tó sún mọ́ ọn jù ni White Hart Lane, Overground ni, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀, Weaver line ni wọ́n ń pè é báyìí. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, gbogbo èèyàn ló ń lọ síbẹ̀. Northumberland Park wà lápá kejì. Àwa tá à ń gbé ibẹ̀ máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ wọ́n le pé kí wọ́n rìn lọ sí Seven Sisters tàbí Tottenham Hale, ó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí wọ́n wọ Victoria. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta, Victoria ń rìn mọ́jú, kò sí wàhálà. Má gbọ́kàn lé bọ́ọ̀sì lórí High Road ní wákàtí yẹn, wọ́n máa ń dí ọ̀nà náà.

London Stadium rọrùn jù lójú tèmi. Stratford ni: Central, Jubilee, Elizabeth, DLR (ọkọ̀ ojú irin kékeré) àti Overground, gbogbo wọn ló pàdé síbẹ̀, nítorí náà èrò máa ń pín.

Wembley ń gba 90,000. Wembley Park ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ á máa dá èrò dúró, wọ́n á máa tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlà náà ń bani lẹ́rù lójú, àmọ́ ó ń rìn. Wembley Central wà, Wembley Stadium náà wà tó ń lọ sí Marylebone. Ibi tó o máa sùn ni kó sọ èyí tó o máa wọ̀.

Àkẹ́kọ̀ọ́_Tuntun

Ẹ ṣé, bọ̀dá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ká máa lọ sẹ́nu ọ̀nà láìní tíkẹ́ẹ̀tì, pé a lè rí rà níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_SE15

Ọmọ mi, má bá wọn lọ. Ní December 2022, èrò tó pọ̀ kọjá agbára ya dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kan ní Brixton lọ́jọ́ eré olórin wa. Ìfúnpọ̀ náà pa èèyàn méjì, ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ààbò níbẹ̀. Gbọ̀ngàn náà wà ní títì títí di April 2024. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, wọn ò padà sílé. Tí o kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, gbọ́ orin náà nílé. Tó o bá sì ní in, tó o rí i pé èrò ti ń fún ara wọn níwájú rẹ, yà kúrò, má tì.

Àkẹ́kọ̀ọ́_Tuntun

Mo gbọ́, màmá. Mi ò ní lọ.

Bọ̀dá_Awakọ̀

Àbẹ̀kẹ́, ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe ní ìlú yìí. Ìlà kan lè wà ní títì látàárọ̀ ọjọ́ Àìkú dé alẹ́. Ẹ yẹ ojú òpó TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wò ní àárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ yẹ ti ọkọ̀ láti Manchester náà wò, kí ẹ tún un wò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Tí wọ́n bá ti Jubilee, ẹ ó mọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Fóònù náà: tíkẹ́ẹ̀tì eré wà nínú rẹ̀, máàpù wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ yín lè wà nínú rẹ̀. Ẹ mú power bank dání. Ẹ kọ àdírẹ́sì àǹtí àti nọ́ńbà fóònù wọn sórí bébà, kí màmá fi sínú àpò tiwọn. Bí èrò bá ya yín sọ́tọ̀, wọ́n lè fi han òṣìṣẹ́ èyíkéyìí.

Àdìó_E13

Báàgì ńkọ́? Ẹ̀ ń bọ̀ láti Manchester, ẹ̀ ń sùn mọ́jú. Gbọ̀ngàn ò ní gba báàgì ìrìn àjò wọlé, báàgì kékeré nìkan ni. Ṣé àǹtí lè wá pàdé yín gbà á? Tí kò bá lè wá, ibi ìfẹrùpamọ́ wà ní Euston, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì gbà á lọ́jọ́ Ajé kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ fi aṣọ ìsùn àti oògùn màmá sínú báàgì kékeré.

Ẹ wo Two Together Railcard náà, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin, tẹ́ ẹ bá ṣì máa rìn pọ̀ kí màmá tó padà sílé. Ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ fún ẹni méjì tó bá jọ ń rìn, kò ní kí ẹ jẹ́ tọkọtaya. Kì í ṣiṣẹ́ ṣáájú aago 9:30 àárọ̀ láti Ajé sí Ẹtì, nítorí náà ẹ má ra ọkọ̀ àfẹ̀mọ́jú lọ́jọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́_MCR

Mo ti pè wọ́n lórí àga. Wọ́n gba orúkọ wa, wọ́n béèrè iye àtẹ̀gùn tí màmá lè gùn, wọ́n ní àwọn á fi í-meèlì ránṣẹ́. Bí wọn ò bá rí àga mìíràn fún wa, mo máa ta méjèèjì padà, màá ra méjì nísàlẹ̀, ì báà jẹ́ pé mo máa fi kún owó náà.

Àǹtí ní àwọn á wá gba báàgì lọ́wọ́ wa ní King's Cross. Mo ti wo ọkọ̀ ọjọ́ Ajé, aago 11 la máa kúrò.

Màmá ní kí n béèrè ohun kan lọ́wọ́ Bọ̀dá_Awakọ̀. Ibùdó bọ́ọ̀sì yẹn, ṣé ìta gbangba ni? Wọ́n ní òtútù ìlú yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn.

Bọ̀dá_Awakọ̀

Ẹ bá mi kí màmá. Wọ́n kọ́ orùlé lé e, àga sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ odò ni, atẹ́gùn máa ń wọlé. Kí wọ́n wọ kóòtù tó nípọn, kí wọ́n fi nǹkan bo orí àti ọrùn. Pátákó tó ń kọ aago bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹ wá 472 lára rẹ̀. Kó tó gbéra, ẹ bi awakọ̀ léèrè pé ṣé Abbey Wood ló ń dé lóòótọ́, torí nígbà mìíràn wọ́n lè ní kí bọ́ọ̀sì kan dúró sí Woolwich.

ÌyáÌbejì_SE15

Àbẹ̀kẹ́, ìbọ̀sẹ̀ méjì. Sọ fún màmá pé èmi ni mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́.